Bí Mo Ṣe Kó Àgbà Lọ Bẹ Davide Nídìí Eré

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi jà ní Torino, lórílẹ̀-èdè Italy. Wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti di ẹrù ẹ̀wù wá bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá mi lójijì ni pé mi ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Nílé, ní Ìsẹ́yìn, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí tí ìjókòó bá fẹ́ dákẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sín ọ̀gá jẹ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò sì ní bínú. Mo dé ibí, gbogbo ẹ̀bùn yẹn wọ àpò lọ. Ẹni tó ń fi ìka tọ́ka sí búrẹ́dì tó fẹ́ rà, ibo ló ti fẹ́ rí ẹnu dápàárá?

Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Settimo, ń pè mí ní il serio, ìyẹn ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé ara rẹ yá ṣá?"

"Ara mi le, Màmá."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ mi yadi sí ìlú onílùú o."

Wọ́n gbàdúrà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní kí n máa jẹ oúnjẹ gidi. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí mo háyà, mo dá ẹ̀fẹ̀ kan fún ara mi ní Yorùbá, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn. Àmọ́ kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó máa gbọ́ ọ, ìyẹn sì bà mí nínú jẹ́.

Davide ló yọ mí. Òun ló ń wa muletto, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè, ojú rẹ̀ kì í sì í yí padà bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọṣẹ́, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òfin kan wà tí wọn kì í kọ sílẹ̀: ẹni tí páálí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kọ orin orílẹ̀-èdè wọn níwájú ọ̀gá. Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ orin náà nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí páálí wá bọ́ lọ́wọ́ mi lóòótọ́ ní ọdún kejì, mo ṣí fìlà, mo dúró ṣánṣán, mo sì ki orin mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wa yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Davide wò mí títí, ó sọ̀ kalẹ̀ látorí muletto, ó wá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì bá mi kọ ọ́ dópin.

"Ohùn rẹ ò dáa," ó ní nígbà tí a parí. "Ṣùgbọ́n o láyà. Ní Sátidé, máa bọ̀ wá bá wa ṣeré."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tó ṣàánú mi tó sọ fún mi pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Eré tó ní kí n wá ṣe kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé àdúgbò ni wọ́n ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á yí tábìlì ká: Davide, Luca tó ń ta oògùn, àti Franca, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkàn mi ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ní kí n yé ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ́ páálí aláwòrán sílẹ̀, wọ́n á to àwọn ọmọ onígi sórí rẹ̀, wọ́n á pín káàdì, wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò. Wọ́n á wá fi wákàtí mẹ́ta jí màlúù ara wọn, wọ́n á jó ìlú ara wọn, wọ́n á dalẹ̀ ara wọn, pẹ̀lú bisikíìtì lẹ́nu.

Ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Luca ló máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀. Á mú ọ̀rọ̀ kan tó jọ òmíràn létí, á so wọ́n pọ̀ tipátipá, gbogbo wọn á sì kérora bí ẹni tí inú ń run. Mo rò pé inú ń bí wọn ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìkérora yẹn ni àtẹ́wọ́. Bó bá dáa gan-an, Franca á dorí kodò sórí tábìlì. Ti Franca àti Davide yàtọ̀: wọ́n á fajú ro, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bí ẹni ń kéde òkú. Ní ọjọ́ kan, Luca jó ìlú Franca kanlẹ̀, ìlú tí wọ́n ti fi odindi ọ̀sán kan kọ́. Franca wo eérú tí kò sí níbẹ̀. "Kò burú," ni wọ́n wí. "Ìlú yẹn kò ní ilé ìkàwé tó dáa tẹ́lẹ̀."

Èmi ńkọ́? Àwàdà Sátidé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Mo lè wà láàárín páálí kí n ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá béèrè bóyá mo ti mu nǹkan kan.

Mo rò ó títí. Kí ló dé tí àwọn tó ń ta irú ayò báyìí fi fẹ́ràn irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdí ọpọ́n ayò bàbá mi ni mo ti rí èsì. Nílé, ẹni tó bá ń jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni òpè. Ọmọ ogún ọdún lè pe bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ní òpè, kó fi í kọrin, kí àwọn tó ń wòran sì máa gbè é. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé ọpọ́n wọlé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà" ni. Èébú yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé eré là ń ṣe. Bí mo bá kó ọmọ ayò rẹ tán láìsọ nǹkan kan, olè ni mo jọ. Bí mo bá ń kó o tí mò ń bú ọ, ọ̀rẹ́ ni wá. Ohun kan náà ni àwọn Davide ń ṣe, àfi pé tiwa ń pariwo, tiwọn ń fajú ro. Àti pé ẹni tí ojú rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan, kò sí ẹni tó máa mọ káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ẹni tó bá gbọ́n báyìí kò sì yẹ kó ṣe ohun tí mo wá ṣe.

Kí n má parọ́, Sátidé yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Ọjọ́ yòókù, mo ń ṣiṣẹ́, mò ń sùn, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Davide nìkan ni Òyìnbó tó ń pè mí láìjẹ́ pé ó fẹ́ kí n bá òun gbé nǹkan. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, mo padà di il serio nìyẹn.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejì, èmi àti Davide bá ara wa ṣàdéhùn nínú eré. Mi ò ní gba èbúté rẹ̀, òun náà ò ní gba oko mi. Ó na ọwọ́, mo bọ̀ ọ́. Nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí eré parí, mo rí i pé tí mo bá gba èbúté yẹn, èmi ni mo jẹ. Mo gbà á. Láti oṣù márùn-ún tí mo ti ń bọ̀, mi ò jẹ rí. Orí mi wú, mo fò dìde, mo gbàgbé ibi tí mo wà.

"Òpè!" ni mo ké, mo nàka sí Davide. "Òpè! Èmi ni ọ̀ta!"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù rẹ̀. Mo jó yí tábìlì ká.

Davide ń to ọmọ onígi rẹ̀ sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wò mí. "Ó dáa," ó ní. "Láti òní lọ, a ò mọ ara wa. Má jókòó tì mí nídìí oúnjẹ ní ọjọ́ Ajé. Abọ́ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, agbẹjọ́rò mi á dá a padà fún ọ."

Franca mi orí. "Mo jẹ́rìí sí i," ni wọ́n wí.

Luca wolẹ̀. Kò lọ́ ọ̀rọ̀ kankan pọ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ̀ pé àwàdà ni. Ọpọlọ yín dáa. Èmi tí mo wà níbẹ̀, mo gbé ẹ̀wù mi, mo sì wá ọ̀nà ilé lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Davide ò sí ní mensa níbi tá a ti ń jẹun ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹlòmíràn ló ń wa muletto. Mo tẹ̀ ẹ́ láago, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò fèsì. Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin yìí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi. Mo pe ìyá mi.

"O bá a ṣàdéhùn," ni wọ́n wí, "o dà á, o tún wá pè é ní òpè níwájú àgbà obìnrin?"

"Eré ni, Màmá."

"Òun náà ló sọ pé eré ni?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Ta lo ti rán sí i?"

"Mi ò rán ẹnì kankan."

"Háà! Ìwọ nìkan lo fẹ́ dá lọ bẹ ẹni tó o ṣẹ̀? Ṣé kò sí àgbà ní ìlú yẹn ni?"

Àgbà wà. Màmá Tólú wà, tí wọ́n ń ta oúnjẹ wa ní Torino láti bí ogún ọdún, tí Davide ti bá mi dé ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́ẹ̀kan láti wá ra ata-rodo. Bàbá Díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà wà, tí iṣẹ́ fábríìkì ti ba orúnkún wọn jẹ́. Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ọmọ dáadáa ni Davide yẹn," ni Màmá Tólú wí. "O ò ṣe é re. Ìgbà wo la ń lọ?"

Sátidé ni a lọ. Bàbá Díákónì wọ agbádá aláwọ̀ ewé lórí kóòtù òtútù, wọ́n fẹ̀ bí àgọ́ nínú tram, ọkọ̀ ojúirin ìgboro. Màmá Tólú wé gèlè, wọ́n gbé ike ṣin-ṣín lọ́wọ́. Èmi ru iṣu méjì. A wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, Davide sì wà níbẹ̀, ó ń pín káàdì bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni omijé bọ́ lójú mi. Mo gbé iṣu sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Signor Davide," ni Bàbá Díákónì fi èdè Italy ti fábríìkì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ṣí fìlà. "Ọmọ wa ṣẹ̀ ọ́. Ó da àdéhùn, ó tún bú ọ. A ò wá jàre, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Jọ̀ọ́, wo ti ewú orí wa, kí o dárí jì í. Èbúté rẹ, ó ti ṣe tán láti dá a padà."

Níbi tí mo wà nílẹ̀, bàtà wọn nìkan ni mo ń rí. Bàtà Luca bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo gbọ́ tí Franca fa ìwé yọ, tí wọ́n ní àwọn ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀bẹ̀ dé. Davide dìde.

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà," ó ní. "Èbúté yẹn, kó máa mú un lọ. Mo dárí jì í."

Ó fà mí dìde. Luca ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, Franca ń fi ìwé bo ojú, àwọn mìíràn tó ń ṣeré ní tábìlì kejì ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Davide dì mọ́ mi. "Láti ogún ọdún tí mo ti ń ṣe eré yìí," ó sọ ọ́ sí mi létí, "mi ò rí ẹni tó ṣe àwàdà dé ibi tó o bá a dé yìí."

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Mo wo ojú wọn yí ká. Gbogbo ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo fà á. Mo tẹrí ba, mo dúpẹ́: "Grazie."

Ní ibùdókọ̀ tram, Màmá Tólú kọjú sí mi. "Ṣé àwa ni wọ́n fi ń ṣeré?"

"Wọ́n ti dárí jì mí, Mà."

"Mo gbọ́ ìdáríjì, mo tún gbọ́ ẹ̀rín. Èwo ni ká mú lọ sílé?"

Bàbá Díákónì ti jókòó. Wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ gbajúmọ̀. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń wá sí yàrá yẹn wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún méjì rèé, mo sì mọ̀ pé jìbìtì ni. Ẹni tí wọ́n ń yìn pé kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń ṣàwàdà, ẹkún ló ń sun lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù Màmá Tólú, wọ́n ń wọn gààrí fún mi bí ẹni tí wọn ò rí rí. Wọn ò bú mi. Nígbà tí wọ́n ṣì fẹ́ràn mi, wọ́n máa ń bú mi.

N kò lè fara dà á mọ́. Nídìí oúnjẹ ní ọjọ́ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Davide: ìyá mi, àgbà, omijé. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Òótọ́ ni wọ́n ń ṣe?"

"Òótọ́ ni."

"Bàbá yẹn tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó wọ tram nítorí kí n má baà bínú sí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sì fi í rẹ́rìn-ín." Ojú rẹ̀ tí kì í yí padà, mo rí i tó yí. "Àwàdà ni mo ń ṣe o, lọ́jọ́ yẹn. Padova ni mo lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kó ẹrù ìyá wa kúrò nílé. Mo pa fóònù. Ọjọ́ mẹ́rin la fi di ẹrù, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà nìyí tí a ò ti sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Paolo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́ lọ́nà, kò bá a láàyè. Ní ọjọ́ ìsìnkú, òun ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Davide bá a níbẹ̀, ó fajú ro gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "O mà tètè dé lónìí." Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Paolo jáde.

"Mo ń dúró kó mọ̀ pé àwàdà ni," ni Davide wí.

"Ṣé o ti bẹ̀ ẹ́?"

"Àwàdà ni mo sọ fún ọ."

"Òun náà ló sọ pé àwàdà ni?"

Ó fi fọ́ọ̀kì ti oúnjẹ síbí, ó tì í sọ́hùn-ún. "Àwọn àgbà yẹn," ó ní, "ṣé wọ́n lè dé Padova?"

Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni kó lọ bi wọ́n. Ó lọ. Ó dúró níwájú káńtà Màmá Tólú, ó tọrọ àforíjì pé òun rẹ́rìn-ín, ó sì ro ẹjọ́ Paolo. Bàbá Díákónì wà lórí àga lẹ́bàá firíìjì, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹyin lohùn," ni wọ́n wí ní Yorùbá, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Mo túmọ̀ rẹ̀. Davide ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá Tólú wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ olórí burúkú yìí, o ò tètè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ló wà nílẹ̀. Lọ wá iṣu tó dáa." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ àpò gààrí.

Nínú ọkọ̀ ojúirin, Davide dá ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta kí a tó dé Milano. Lẹ́yìn Milano, fèrèsé nìkan ló ń wò. A wọ tram ní Padova, a gba òpópónà kan tó kún fún kẹ̀kẹ́, Bàbá Díákónì ń tiro, Davide di apá wọn mú. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó sì yẹ̀ bọ́ sẹ́yìn wa.

Paolo ló ṣí i. Ó jọ Davide, àfi pé irun tirẹ̀ ti funfun. Ó wo agbádá, ó wo gèlè, ó wo iṣu tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn gbogbo wa ló tó rí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé o tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ẹnu Davide gbọ̀n. Mo mọ ẹnu yẹn. Ẹ̀fẹ̀ ti dé ibẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ó máa dùn. Mo di iṣu mú, mo ń bẹ Ọlọ́run kó gbé e mì.

"Rárá," ni Davide wí. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí ìnusẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì, bí ẹni tí kò kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí. "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ ìsìnkú Mamma, kò yẹ kí n sọ ọ́. Jọ̀ọ́."

Paolo di ilẹ̀kùn mú. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ tì í ni tàbí ó fẹ́ ṣí i sí i. Ó tún wo Bàbá Díákónì tí wọ́n ti ṣí fìlà nínú òtútù.

"Àwọn wo nìyí?"

Mo ti la ẹnu láti dáhùn, torí mo rò pé ìyẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú mi wá. Davide yára jù mí lọ. Kò gbé orí sókè.

"Àwọn àgbà mi ni."

Màmá Tólú náà gbọ́ ọ. Wọ́n fi igun ìborùn nu imú, wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì bá ọkùnrin tí wọn ò rí rí sọ̀rọ̀ ní Yorùbá pọ́nńbélé, bí ẹni ń bá ọmọ inú wọn wí.

"Ó tó. Gbé àbúrò rẹ dìde."

Kí n tó túmọ̀ rẹ̀, Paolo ti tẹ̀ síwájú, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ sí i.